Ìwé àṣẹ wo ni kí n fi sí ètò kọ̀ǹpútà tí mo kọ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ní Àbújá ni mo ń gbé. Mo kọ ètò kọ̀ǹpútà kan fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa ọmọ Yorùbá àdúgbò wa. Ó ń kọ owó tí kálukú fi pamọ́ sílẹ̀, ó ń ṣírò èlé orí owó tí a yá èèyàn, ó sì ń tẹ rìsíìtì. Èdè Python àti PyQt, irinṣẹ́ tó ń ya fèrèsé àti bọ́tìnnì ètò, ni mo fi kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ló kọ apá rìsíìtì. Apá tó ń fi ọ̀rọ̀ kọ iye owó, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí i. Ìgbà tí mo jẹ́ agùnbánirọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan ní Wuse ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kọ̀ǹpútà wọn ni mo sì máa ń lò nígbà mìíràn. Ní báyìí, àwọn ẹgbẹ́ ní Kàdúná, Minna àti Sabon Gari ní Kánò ń béèrè rẹ̀, mo tilẹ̀ ti fi flash fún méjì nínú wọn. N kò fẹ́ gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lò ó, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnì kan gbé e, kó tì í pa, kó wá máa tà á padà fún wa. Ẹnì kan ní kí n ṣáà gbé e sórí GitHub, ojú òpó tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti ń pín iṣẹ́ wọn, pé ó ti parí nìyẹn. Ẹlòmíràn ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ṣòwò. Lọ́jọ́ iwájú, mo tún fẹ́ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè máa fi fóònù wo àkáǹtì wọn. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Àbúrò, o kú ọpọlọ. Ẹni tó bá ti jókòó ti akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rí lọ́jọ́ ìpàdé, tó rí i bó ṣe ń tẹ kákulétọ̀ lórí ìwé ńlá tí ojú ewé rẹ̀ ti ń já, yóò mọ̀ pé ohun tí o ṣe yìí kì í ṣe kèrémí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí o to ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ rẹ̀, ìyẹn ìwé tó ń sọ ohun tí èèyàn lè fi ètò náà ṣe àti ohun tí kò lè fi ṣe, dáadáa kí flash mìíràn tó jáde lọ́wọ́ rẹ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ẹni tó ní GitHub ti parí rẹ̀ lóhùn. Kò parí nǹkan kan. Òfin tó ń jẹ́ Copyright Act 2022, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ àkọsílẹ̀, bó ṣe ka ìwé mọ́ ọn. Ní kété tí o ti tẹ kóòdù náà, ìyẹn àwọn ìlà ìtọ́ni tí a fi kọ ètò, tó sì wà nínú fáìlì, ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí rẹ̀ ti di tìrẹ, bí o kò tilẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Ẹ̀tọ́ yẹn yóò wà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ, yóò sì tún wà fún 70 ọdún lẹ́yìn rẹ. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò sí ẹni tó láṣẹ láti dà á kọ, láti tún un ṣe tàbí láti pín in, àfi ẹni tí o bá fún láṣẹ. Bí o bá gbé e sórí GitHub láìfi ìwé àṣẹ sí i, àdéhùn GitHub fún àwọn èèyàn láyè láti wò ó àti láti ṣe fork rẹ̀, ìyẹn láti ṣe ẹ̀dà tiwọn, níbẹ̀, ó tán. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní Minna tó gbà á sórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kò ní ohunkóhun lọ́wọ́. Ó dà bí ilẹ̀ tí bàbá kan fi ẹnu lásán fún àlejò: inú bàbá dùn, àlejò kọ́lé sí i, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí bàbá bá kú tí àwọn ọmọ bá dé, ẹ̀rí dà? Àwa tí à ń gbé Àbújá mọ ohun tí ilẹ̀ tí kò ní ìwé máa ń dá sílẹ̀.

Ìwọ alára lè fi orúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Nigerian Copyright Commission, èyí tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà níbí ní Àbújá, o sì lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe dandan, ẹ̀rí ló wà fún, ẹ̀rí sì dára. Ṣáà má lọ sí NCC ti Maitama o, ìyẹn ni àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù.

Nísinsìnyí, ìwé àṣẹ wo? Fún ohun tí o sọ pé o fẹ́, GNU General Public License, ẹ̀dà 3, ni kí o mú, kí o sì fi kún un pé “tàbí ẹ̀dà èyíkéyìí tó bá jáde lẹ́yìn rẹ̀”. GPL ni gbogbo èèyàn ń pè é. Richard Stallman tó kéde iṣẹ́ GNU, ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo èèyàn lómìnira láti lò, ní Amẹ́ríkà ní 1983 ló kọ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní 1989, ìkejì ní 1991, ìkẹta yìí ní oṣù kẹfà ọdún 2007. Ẹnikẹ́ni tó bá gba ètò tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè lò ó fún ohunkóhun tó wù ú. Ó lè ṣí kóòdù rẹ̀ wò, kó sì tún un ṣe. Ó lè dà á kọ fún ẹlòmíràn. Ó sì lè pín èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti tún ṣe. Ohun tí GPL wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá pín in, yálà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí fún owó, ni pé kó fún ẹni tó gbà á ní kóòdù náà pẹ̀lú, kó sì fi gbogbo ẹ̀tọ́ yẹn lé e lọ́wọ́ láìdín ọ̀kan kù. Ààbò rẹ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tà á lè tà á, ṣùgbọ́n kò lè tì í pa, ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ sì lè gbé e fún ẹgbẹ́ mẹ́wàá mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́la. Irú ọjà bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fi di ẹgbẹ́ kankan mú.

Má rò pé orí ìwé lásán ni àdéhùn yìí ń gbé. Ní 2003, àwọn èèyàn tó mọ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ GPL, tú ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì kan tí Linksys ń tà wò, èyí tí wọ́n ń pè ní WRT54G. Wọ́n rí i pé kóòdù GPL ló wà nínú rẹ̀, ilé iṣẹ́ náà kò sì gbé kóòdù ọ̀hún síta. Ọdún yẹn náà ni Cisco ra Linksys. Àwọn tó ni kóòdù àti àwọn tó ń lò ó kò dákẹ́ títí kóòdù fi jáde, inú rẹ̀ sì ni iṣẹ́ OpenWrt ti ṣẹ̀ ní 2004, èyí tó wà nínú oríṣiríṣi ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì títí dòní. Ní 2004 kan náà, ilé ẹjọ́ kan ní Munich, ní ilẹ̀ Jámánì, pàṣẹ fún ilé iṣẹ́ kan tó ń pín kóòdù GPL láìtẹ̀lé àdéhùn rẹ̀ pé kó jáwọ́. Nígbà tó di 2008, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ Jacobsen àti Katzer, lórí ètò tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ ojú irin ìṣeré. Kì í ṣe GPL ni ìwé àṣẹ tiwọn, ṣùgbọ́n ohun tí ilé ẹjọ́ náà sọ kan gbogbo wa: bí ẹni tó ni iṣẹ́ kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, ẹni tó bá tàpá sí àdéhùn inú ìwé àṣẹ rẹ̀ lè jẹ̀bi lábẹ́ òfin kọ́píráìtì.

GPL ẹ̀dà 3 kò sì fẹ́ ká máa fa ara wa lọ sí kóòtù lórí gbogbo nǹkan. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣẹ̀, tí o sì kọ̀wé sí i, bó bá tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe láàárín 30 ọjọ́ tó gba ìwé rẹ, ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ọ̀pọ̀ tó ń rú àdéhùn yìí kò mọ̀ pé àwọn ń rú u ni. Lẹ́tà kan tó fi sùúrù ṣàlàyé ló máa ń yanjú rẹ̀.

Ẹni tó ní kí o kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ṣòwò fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n má gbà á. Lákọ̀ọ́kọ́, ìwé GPL fúnra rẹ̀ sọ pé bí ẹnì kan bá so irú ìdènà bẹ́ẹ̀ mọ́ ètò tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó gbà á lè yọ ìdènà náà dànù. Ìkejì ló ká mi lára jù. Ta ló máa bá àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní Sabon Gari gbé ètò yìí sórí kọ̀ǹpútà wọn? Ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìsàlẹ̀ àdúgbò ni, yóò sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pàápàá ń ra ìrẹsì àti epo lápapọ̀, ó ń tà á fún ọmọ ẹgbẹ́, ó ń pín èrè. Òwò kọ́ nìyẹn ni? Gbólóhùn kan ṣoṣo tí o rò pé yóò dáàbò bò ọ́ yìí ni yóò lé àwọn tó yẹ kó ràn ọ́ lọ́wọ́ sá. Ìwọ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹun lórí rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan ní Kàdúná bá fẹ́ kí o wá kọ́ akápò wọn, gba owó ọkọ̀ ojú irin láti Kubwa dé Rigasa, kí o sì gba owó iṣẹ́ rẹ lé e. GPL kò bá ọ jà lórí ìyẹn.

Àwọn ìwé àṣẹ tó rọrùn ju GPL lọ náà wà, MIT, BSD, Apache. Àwọn yẹn gba ẹnikẹ́ni láyè láti mú kóòdù rẹ, kó tún un ṣe, kó sì tì í pa. Iṣẹ́ gidi wà lábẹ́ wọn: DHIS2 tí Yunifásítì Oslo ń bójú tó, tí Nàìjíríà fi ń kó àkọsílẹ̀ ètò ìlera jọ, abẹ́ BSD ló wà, ODK Collect tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń gba àkọsílẹ̀ láti ilé dé ilé ní òkè Ọya, abẹ́ Apache ni. Koha tí ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé yunifásítì wa ń lò, abẹ́ GPL ni tiẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀kan burú. Ohun tí o sọ fún mi ni pé o kò fẹ́ kí a tì í pa, GPL ló gbọ́ ohun tí o sọ.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, PyQt tí o lò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yan ìwé fún ọ. Abẹ́ GPL ẹ̀dà 3 ni wọ́n ti fún gbogbo èèyàn ní PyQt, àfi ẹni tó bá san owó fún ìwé àṣẹ oníṣòwò. O kò sanwó. Nítorí náà, odidi ètò rẹ, bó ṣe ń jáde lọ sọ́wọ́ èèyàn, àdéhùn GPL ló máa tẹ̀ lé e. Bí o bá yí ọkàn padà lórí ìwé àṣẹ lọ́la, PySide, irinṣẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ni kí o wò, nítorí LGPL, àbúrò GPL, ni tiẹ̀, ìyẹn sì fúnni láyè díẹ̀ sí i.

Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì tí o ní lọ́kàn yàtọ̀. Ìgbà tí èèyàn bá pín ètò ni GPL tó béèrè kóòdù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ètò rẹ sórí sáfà tirẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn èèyàn lóhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ kí wọ́n tó fi fóònù wọlé, kò pín nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kóòdù. Àyè yẹn ni wọ́n ṣe GNU Affero General Public License fún, èyí tí ẹ̀dà 3 rẹ̀ jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2007. Ó ní bí o bá tún ètò ṣe, tí àwọn èèyàn sì ń lò ó láti ọ̀nà jíjìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, o gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n rí kóòdù rẹ̀ gbà. Lọ́jọ́ tí o bá bẹ̀rẹ̀ apá orí sáfà, Affero ni kí o fi sí i. Ìpínrọ̀ 13 nínú ìwé méjèèjì gbà kí a so wọ́n pọ̀, kò ní dá ìjà sílẹ̀.

Gbogbo èyí ni apá tó rọrùn. Ibi tí mo fẹ́ kí o ti fara balẹ̀ ni ti ẹni tó ni kóòdù náà gan-an. Ẹni tó ni nǹkan ló lè fún èèyàn láṣẹ lórí rẹ̀. Kó o tó fi ìwé kankan sí ètò yìí, ṣí àwọn fáìlì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o bi ara rẹ pé: ta ló kọ èyí?

Ti ilé iṣẹ́ tó wà ní Wuse ni kí o kọ́kọ́ yanjú. O bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà nígbà tí o wà lọ́dọ̀ wọn, o sì lo kọ̀ǹpútà wọn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má ní ẹ̀tọ́ kankan lórí rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ẹnì kan níbẹ̀ rò pé àwọn ní. Má dúró de ìgbà tí ètò náà bá gbajúmọ̀. Òpin ìwé GPL pàápàá gba ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn níyànjú pé kó gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bó bá yẹ. Kọ lẹ́tà náà fúnra rẹ, ojú ewé kan péré, kí o tẹ̀ ẹ́ jáde kí o tó lọ. Kó sọ ohun méjì: pé ilé iṣẹ́ náà kò ní ẹ̀tọ́ kankan lórí ètò báyìí báyìí tí ìwọ lágbájá kọ, àti pé wọn kò lòdì sí i pé kí o pín in lábẹ́ GPL. Ẹni tó láṣẹ láti fọwọ́ síwèé fún ilé iṣẹ́ ni kó fọwọ́ sí i, kì í ṣe ọ̀gá rẹ kékeré tí ẹ jọ ń jẹun ọ̀sán. Lọ fúnra rẹ, kí wọn dáadáa, kí o ṣàlàyé pé ètò fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ wọn. Tí wọ́n bá kọ̀, tàbí tí wọ́n ń fi òní dónìí fi ọ̀la dọ́la, wo ọjọ́ tí Git, ètò tó ń pa ìtàn àtúnṣe kóòdù mọ́, kọ sára iṣẹ́ rẹ, yọ àwọn apá tí o kọ lọ́dọ̀ wọn sọ́tọ̀, kí o sì tún wọn kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ nílé rẹ, lórí kọ̀ǹpútà tìrẹ, láìwo ti tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣe é nísinsìnyí tí ètò náà ṣì kéré.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó kọ apá rìsíìtì ló ni rìsíìtì. Ìyẹn kò yí padà nítorí pé ẹ jọ jẹ́ ọ̀rẹ́, tàbí pé o ra ohun mímu fún un lọ́jọ́ tó parí rẹ̀. Jẹ́ kó fi ímeèlì kan ránṣẹ́ sí ọ, irú èyí: “Èmi lágbájá ni mo kọ fáìlì risiti.py nínú ètò alájẹṣẹ́kù. Èmi nìkan ni mo kọ ọ́, n kò dà á kọ láti ibì kankan. Mo gbà kí a pín in lábẹ́ GNU General Public License, ẹ̀dà 3 tàbí ẹ̀dà èyíkéyìí tó bá jáde lẹ́yìn rẹ̀.” Ó tó bẹ́ẹ̀. Tọ́jú rẹ̀. Lórí fáìlì yẹn, orúkọ tirẹ̀ ni kí o kọ. Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ kó gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ọ pátápátá, òfin wa ní ó gbọ́dọ̀ wà ní àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ìdí tí o fi nílò ìyẹn. Nígbà tí àwọn tó ń ṣe VLC, ètò tí a fi ń wo fídíò, fẹ́ yí ìwé àṣẹ apá tó ń gbé e ṣiṣẹ́ kúrò ní GPL sí LGPL ní nǹkan bí 2011 sí 2012, ńṣe ni wọ́n ń wá àwọn tó ti kọ kóòdù sí i kiri lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ṣàṣeyọrí, ṣùgbọ́n àárẹ̀ kékeré kọ́. Ìwọ, ẹnì kan ṣoṣo lo ní láti wá, o sì mọ ilé rẹ̀.

Apá tó ń fi ọ̀rọ̀ kọ iye owó ńkọ́? Padà síbi tí o ti rí i. Bí ojú ewé yẹn kò bá sọ ìwé àṣẹ kankan, o kò lẹ́tọ̀ọ́ láti lò ó. Bó bá jẹ́ Stack Overflow, ojú òpó ìbéèrè àti ìdáhùn àwọn tó ń kọ kóòdù, ni, ìwé àṣẹ Creative Commons BY-SA ni wọ́n fi ń pín ohun tí èèyàn bá kọ síbẹ̀, ẹ̀dà 4.0 rẹ̀ ṣeé dà pọ̀ mọ́ GPL ẹ̀dà 3, Creative Commons fúnra wọn ló kéde bẹ́ẹ̀ ní 2015, ṣùgbọ́n 3.0 ti àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí o tún un kọ fúnra rẹ. Kíkọ ẹgbẹ̀rún àti mílíọ̀nù ní ọ̀rọ̀ kò ju iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan lọ, o sì lè ṣe é kó máa kọ ọ́ ní Yorùbá àti Haúsá, èyí tí tẹni ẹlẹ́ni yẹn kò lè ṣe. Ojú kan náà ni kí o fi wo àwòrán bọ́tìnnì èyíkéyìí tí o bá mú láti orí Google. Fọ́ǹtì Noto àti Andika wà lábẹ́ Open Font License, wọ́n sì gbé àmì ohùn wa àti ɓ, ɗ, ƙ ti Haúsá dáadáa.

Bí gbogbo èyí bá ti mọ́, fífi ìwé àṣẹ náà sí ètò gan-an kò gba wákàtí kan. Lọ sí ojú òpó gnu.org, gba odidi ìwé GPL ẹ̀dà 3 bó ṣe wà, kí o fi sínú fóldà àgbà ètò rẹ pẹ̀lú orúkọ COPYING tàbí LICENSE. Má yí lẹ́tà kan padà nínú rẹ̀. Ìwé náà fúnra rẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni tún un kọ. Lẹ́yìn náà, ṣí fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí o kọ èyí sí òkè rẹ̀ pátápátá:

# SPDX-FileCopyrightText: 2024 Orúkọ rẹ
# SPDX-License-Identifier: GPL-3.0-or-later

Ọdún tí o kọ fáìlì náà ni kí o fi síbẹ̀, kí o fi ti ìgbà tí o tún un ṣe gidi kún un. Ìlà kejì yẹn ni kọ̀ǹpútà máa ń kà, kí ẹni tó ń yẹ ètò púpọ̀ wò lè mọ ìwé àṣẹ wọn láìṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ ìlà méjèèjì, mo fẹ́ kí o tún da ọ̀rọ̀ tí GPL pèsè kọ, èyí tí wàá rí ní òpin ìwé náà, lẹ́yìn ibi tí àdéhùn gangan ti parí. Ohun mẹ́ta ló ń sọ: pé o fún èèyàn láṣẹ láti pín ètò yìí àti láti tún un ṣe lábẹ́ GPL, pé kò sí ìfọwọ́sọ̀yà kankan lórí rẹ̀, àti ibi tí odidi ìwé náà wà. Àwọn kan máa ń sọ pé fáìlì LICENSE kan ṣoṣo ti tó. N kò gbà pẹ̀lú wọn, pàápàá ní ilẹ̀ wa níbí, níbi tí kóòdù ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn lórí WhatsApp, fáìlì kan lónìí, méjì lọ́la. Fáìlì tó bá já kúrò lára àwọn yòókù gbọ́dọ̀ lè sọ fúnra rẹ̀ ẹni tó ni ín àti ohun tí a lè fi ṣe.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ “tàbí ẹ̀dà èyíkéyìí tó bá jáde lẹ́yìn rẹ̀” ṣe pàtàkì ni pé ẹni tí kò bá kọ ọ́ ti so ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo. Linux wà lábẹ́ ẹ̀dà 2 nìkan títí di òní, àwọn tó kọ ọ́ sì ti pọ̀ ju ẹni tí a lè kó jọ láti yí i padà.

Nínú ètò náà fúnra rẹ̀, ṣe fèrèsé kan tí o pè ní “Nípa ètò yìí”: orúkọ rẹ àti ti ọ̀rẹ́ rẹ, ọdún, pé kò sí ìfọwọ́sọ̀yà, àti ibi tí a ti lè ka GPL. Má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sọ̀yà yẹn, owó èèyàn ni ètò rẹ ń kà. Ìpínrọ̀ 15 àti 16 inú GPL ló sọ pé a kò lè dá ọ lẹ́bi bí ètò náà bá ṣi èlé ṣírò, dé ibi tí òfin bá gbà á. Síbẹ̀, sọ fún akápò kọ̀ọ̀kan pé kó máa tẹ àkọsílẹ̀ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì máa fi àdàkọ rẹ̀ pamọ́ síbòmíràn. Ìwé àṣẹ lè gbà ọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́, kò lè dá owó ìyá arúgbó tó ń ta ẹ̀wà padà.

Kọ README rẹ, ìyẹn fáìlì àlàyé tí ẹni tó gba ètò kọ́kọ́ ń kà, ní Yorùbá, ní Haúsá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Ṣàlàyé níbẹ̀ ohun tí GPL gbà àti ohun tí kò gbà, ní èdè tí akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò lóye. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó hàn pé àlàyé ni, pé ti Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú COPYING ni àdéhùn gidi. Free Software Foundation, àjọ tó ń gbé ìwé GPL jáde, kò ka ìtumọ̀ ní èdè mìíràn sí ojúlówó, nítorí àṣìṣe kékeré nínú ìtumọ̀ òfin lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Mo bẹ̀ ọ́, kí o tó gbé ohunkóhun sórí GitHub, rí i dájú pé fáìlì dátà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín kò sí nínú rẹ̀. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, fọ́tò, iye owó tí kálukú jẹ. Kóòdù ni o ní àṣẹ láti pín. Ti àwọn èèyàn yẹn kì í ṣe tìrẹ, Nigeria Data Protection Act ti 2023 sì wà láti dáàbò bò ó. Bí o bá ti fi í sínú Git rí, pípa á rẹ́ lónìí kò tó, nítorí Git ń pa ìtàn mọ́. Bẹ̀rẹ̀ fóldà tuntun láìsí ìtàn àtijọ́, kí o fi dátà àròsọ dán an wò, kí o sì yí ọ̀rọ̀ ìwọlé èyíkéyìí tó bá ti wà nínú rẹ̀ padà.

Ó ku ti flash. Bí o bá ń fún ẹgbẹ́ ní ètò tó ti di .exe, fáìlì tí a kàn ń tẹ̀ kó ṣiṣẹ́, fi fóldà kóòdù sórí flash kan náà, pẹ̀lú COPYING nínú rẹ̀. O ti ṣe ojúṣe rẹ nìyẹn, kò sí pé ẹnikẹ́ni tún ń ra dátà láti wá kóòdù kiri. Àwọn ẹgbẹ́ méjì tí o ti fún tẹ́lẹ̀ ní èyí tí kò ní ìwé kankan. Fi ètò tuntun ránṣẹ́ sí wọn, kí o sì kọ lẹ́tà kúkúrú sí alága wọn, lẹ́yìn tí ọ̀rẹ́ rẹ àti ilé iṣẹ́ náà bá ti fọwọ́ sí tiwọn, pé èyí tó wà lọ́wọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ náà ti wà lábẹ́ GPL ẹ̀dà 3 tàbí èyí tó bá tẹ̀ lé e. Ní ti apá iye owó tí o mú láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní kí wọ́n pa ti àtijọ́ rẹ́, kí wọ́n lo tuntun.